Àwọn Tí Mo Rán Lọ Sórí Òkè Ítálì

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ní kí àwa àgbà ìjọ wa ní Norcross, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí a fi jẹun. Nọ́ọ̀sì mẹ́rin sọ̀rọ̀. Oníṣirò owó kan sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ tirẹ̀ títí tí àwọn ọmọ fi ń sùn. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Iṣẹ́ tí mo ṣe ni pé mo ń ṣètò ìrìn-àjò fún àwọn tó fẹ́ fi ọkọ̀ rin àwọn ìlú orí òkè ní Ítálì." Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Mà, ṣé iṣẹ́ náà nìyẹn? Fóònù mi lè ṣe é nísinsìnyí." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé, kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Fọlákẹ́ lorúkọ mi. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wo èyí tí ẹ máa ṣe nínú iṣẹ́ ayé, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín: iṣẹ́ àníyàn ni. Ẹni tí kò bá lè máa jí nítorí ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, kó wá nǹkan mìíràn ṣe.

Bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Mo ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Norcross níbí, ẹ̀yìn sì ń dùn mí. Lọ́jọ́ kan mo rí bébà lára fèrèsé ọ́fíìsì kékeré kan ní Tucker, láàárín ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń kun èékánná àti ilé alágbàfọ̀. Obìnrin tó ni ọ́fíìsì náà bi mí bóyá mo mọ máàpù kà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa. Ó gbà mí. Owó oṣù kò pọ̀. Ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Miss Ida là ń pe obìnrin náà. Ìlú kékeré kan lórí òkè ní àárín Ítálì ni wọ́n ti bí i. Ọkọ tó fẹ́ ló gbé e wá sí Amẹ́ríkà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Kò ga ju èjìká mi lọ. Kì í rẹ́rìn-ín ṣáájú ọ̀sán. Oṣù mẹ́fà gbáko ni kò fi jẹ́ kí n bá oníbàárà kankan sọ̀rọ̀. Ohun tó ń fún mi ṣe ni pé, á tẹ́ máàpù sórí tábìlì, máàpù tó gùn tó ìró, á jókòó sí òdìkejì, á ní, "Ó yá, máa wakọ̀."

Màá fi ìka mi lé orí Róòmù, màá fi wakọ̀ lọ sí Orvieto, ìlú orí òkè kan, màá sọ ohun tí mò ń kọjá. Kò ní pẹ́ tí á fi dá mi dúró.

"Ó ti tó wákàtí kan àbọ̀ tó o ti ń wakọ̀. Ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn fẹ́ tọ̀. Níbo lo máa dúró sí?"

Mi ò mọ̀.

"Padà sí Róòmù."

Màá tún bẹ̀rẹ̀. Á ní, "Aago kan ọ̀sán ti lù. Ní abúlé yẹn, wọ́n ti ti ilé epo, wọ́n lọ jẹun. Epo inú ọkọ̀ rẹ ńkọ́?" Mi ò mọ̀. "Padà sí Róòmù." Ọjọ́ kan wà tí mo padà sí Róòmù nígbà mọ́kànlá. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi bi mí pé kí ló rẹ̀ mí tó báyìí nígbà tó jẹ́ pé orí àga ni mo wà látàárọ̀.

Inú oṣù keje ni ti àpótí. Ẹni tó bá mọ ooru Atlanta mọ ohun tí mò ń sọ. Miss Ida kó bíríkì mẹ́rin sínú àpótí aṣọ kan, ó dì í, ó mú mi lọ sẹ́yìn pílásà níbi tí àtẹ̀gùn onírin wà, ó ní kí n gbé e gòkè. Mo gbé e. Ó ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n tún gbé e. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mi ò lè mí dáadáa.

Ó dúró nísàlẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn. Ó ní, "Ní ìlú mi, ọkọ̀ àlejò kì í wọ àárín ìlú. Wọ́n á gbé e sí ẹsẹ̀ òkè, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gùn ún. Nínú ìwé tó o kọ lánàá, o kọ ọ́ síbẹ̀ pé 'ìrìn díẹ̀ ni láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé òtẹ́ẹ̀lì.' Mo fẹ́ kó o mọ ohun tó ń jẹ́ díẹ̀."

Mo lọ sunkún nínú ilé ìyàgbẹ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé mò ń padà sídìí páálí mi. Ó ní, "Fọlákẹ́, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣé irọ́ ni obìnrin yẹn pa?" Kì í ṣe irọ́. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì.

Òfin kan wà tó ju gbogbo òfin lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá kọ orúkọ ìlú kan, a gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà méjì tó dúró fún ìpínlẹ̀ ìlú náà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wò ó báyìí: bí ẹnì kan bá wọ ọkọ̀ ní Ìbàdàn, tó ní Ayétòrò lòun ń lọ, awakọ̀ tó gbọ́n á bi í pé Ayétòrò wo? Ọ̀kan wà ní ọ̀nà Ẹ̀gbádò, ọ̀kan wà ní Èkìtì, ọ̀kan wà létí òkun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ítálì rí. Orúkọ kan, ìlú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tí mo gbàgbé lẹ́tà méjì yẹn, Miss Ida fa gbogbo ìwé náà ya, ojú ewé méjìlá, ó ní kí n tún un kọ látòkè délẹ̀. Mo rò pé ìkà ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló mú mi lọ síbẹ̀, kí n lè fojú ara mi rí ohun tí mò ń sọ. Ó wakọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Èmi di ilẹ̀kùn mú, mò ń ka Sáàmù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yọ sí ìlú rẹ̀, tí mo rí àwọn ilé òkúta tí wọ́n fún mọ́ra wọn lórí òkè gíga bẹ́ẹ̀, mo ní, "Kí ló dé tí wọ́n kọ́lé síbí yìí?" Ó ní ogun ni. Àwọn baba ńlá àwọn sá gun òkè kí ọ̀tá má bàa rí àwọn mú. Ọmọ Ìdànrè orí òkè ni ìyá tó bí ìyá mi. Mo mọ ìtàn yẹn kó tó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Ìdànrè yìí ni mo fi fa àwọn ènìyàn wa mọ́ra nígbà tí Miss Ida fún mi láyè láti máa dá gba oníbàárà. Tẹ́lẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun ló ń wá. Àwọn Yorùbá tó ní àwọn fẹ́ lọ sí Ítálì, Róòmù nìkan ni wọ́n mọ̀; kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ gba ọkọ̀. Ẹ lọ wo àwọn tó sá gun òkè bíi tiwa." Bí àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn ṣe ń pé ọgọ́ta ọdún, tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ìgbéyàwó, wọ́n ń wá. Wọ́n ń kó gàrí àti ẹja gbígbẹ lọ. Mo bá wọn jiyàn títí lórí ẹja yẹn nítorí àwọn aṣọ́bodè, mi ò borí.

Àwọn Dádì ló ń dẹ́rù bà mí jù. Màá sọ fún wọn pé ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, jíà ọwọ́ ni, pé kí wọ́n jẹ́ kí n wá èyí tó ń pa jíà fúnra rẹ̀ fún wọn. Wọ́n á wò mí bí ọmọ tó ṣàfojúdi. "Èmi tí mo fi Pijó 504 rìn láti Iléṣà dé Mọ́níyà ní òru òjò! Jíà wo ni wọ́n fẹ́ fi hàn mí?" Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá tí wọ́n ti fọwọ́ kan jíà kẹ́yìn. Màá kúnlẹ̀ tán kí wọ́n tó gbà. Tí wọ́n bá gbéra, èmi kì í sinmi. Kí n tó wo ojú ọjọ́ Atlanta láàárọ̀, mo ti wo ti Siena lọ́hùn-ún ní Ítálì. Ọkọ mi á ní, "Ṣé ìwọ lo bí wọn ni?" Igi gogoro má gún mi lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó, èmi sì jìnnà sí igi náà, òkun ńlá ló wà láàárín wa.

Nígbà tí ojú Miss Ida bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ó fi ọ́fíìsì sílẹ̀ fún mi, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Lawrenceville. Mo kó ọ́fíìsì wá sí Norcross. Àkókò yẹn náà ni irinṣẹ́ wa ń yí padà. Láyé máàpù, ìwé ńlá ni mò ń kọ fún oníbàárà, gbogbo ìyànà ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà dé, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni fóònù. Àwọn oníbàárà ní àwọn kò fẹ́ ìwé mọ́: "Àǹtí, ẹ ṣáà fi orúkọ àwọn ìlú ránṣẹ́ sórí fóònù wa." Mo fẹ́ràn rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan. Mò ń tẹ orúkọ ìlú, ẹ̀rọ á bá mi parí ẹ̀, màá fi ránṣẹ́. Lẹ́tà méjì Miss Ida? Ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n, mo ní lọ́kàn mi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Dádì àti Mọ́mì Adéọ̀ṣun ti wọlé.

Apòògùn ni Dádì kó tó fẹ̀yìn tì. Mọ́mì jẹ́ aránṣọ; Tucker ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, òun ló rán gbogbo aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Wọ́n pé ogójì ọdún tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, ọmọ wọn kan ṣoṣo, Bùkọ́lá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lawrenceville, sì fẹ́ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ní Ítálì. Oṣù kọkànlá ni wọ́n mú. Bùkọ́lá wá jókòó níwájú mi, kò bọ́ kóòtù rẹ̀.

"Àǹtí, Dádì ní ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n sì ń gún abẹ́rẹ́ sára. Tí wọn ò bá jẹun lásìkò, ṣúgà ara wọn máa ń bọ́ sílẹ̀ lójijì. Mọ́mì ò sì mọ ọkọ̀ wà."

Mo ní, "Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ti kọ ibi tí wọ́n á ti jẹun sílẹ̀."

Òótọ́ ni. Mo kọ ọ́. Mo mọ orúkọ obìnrin tó máa se ọbẹ̀ fún wọn ní Cortona.

Ọjọ́ kẹrin, láti Siena, ibi tí wọ́n ń lọ kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ: ilé oko kan nítòsí ìlú kékeré tó ń jẹ́ Castelnuovo. Ní aago méjì ọ̀sán ní Norcross, tí aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù lọ́hùn-ún, obìnrin tó ni ilé oko náà pè mí. Ó ní oúnjẹ ti tutù. Ó ní àwọn àlejò mi dà?

Mo ní bóyá wọ́n dúró rajà ni. Mo pe Dádì. Fóònù kò dún. Mo pe Mọ́mì. Ti Mọ́mì, wọn kò tilẹ̀ tàn án láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Atlanta. Mo wá ṣí ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn, mò ń wò ó. Siena, ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀: Castelnuovo. Kò sí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ bí Dádì ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Máàpù inú fóònù fò kúrò ní Siena, ó gòkè lọ sí àríwá, ó kọjá Lucca, ó lọ dúró sáàárín àwọn òkè ńlá, Castelnuovo mìíràn, ìrìn wákàtí mẹ́ta.

Mo wo ojú ọjọ́ ibẹ̀. Òjò, àti kùrukùru.

Ọlọ́pàá wọn ń sọ Ítálì tó yára ju tèmi lọ. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, mi ò lè ṣàlàyé ara mi. Ẹnì kan ló kù. Mo wọ ọkọ̀, mo kọrí sí Lawrenceville. Ìmọ́lẹ̀ ojú pópó pupa, mo dúró. Ó pupa, mo dúró. Fóònù dún, Bùkọ́lá ni.

"Àǹtí, Dádì ò gbé fóònù. Wọ́n máa ń pè mí tí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán. Níbo ni àwọn òbí mi wà?"

Mo lè purọ́. Ó wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Bùkọ́lá, mi ò mọ̀. Wá bá mi nílé Miss Ida."

Ó wá láti ibi iṣẹ́, aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn rẹ̀. Àwa mẹ́ta jókòó sí tábìlì inú kíṣìnnì. Miss Ida kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó kọ ojú sí mi gan-an.

"Ṣé o kọ ìpínlẹ̀ sí i?"

"Rárá, mà."

Bùkọ́lá ń wò mí, ó ń wo Miss Ida. "Ìpínlẹ̀ wo? Àǹtí, kí ni wọ́n ń sọ?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ pé èmi ni. Pé kì í ṣe fóònù, kì í ṣe Dádì. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Miss Ida na ọwọ́, ó ní, "Gbé fóònù yẹn wá."

Ó pe ọlọ́pàá Lucca. Ó pe ti ìlú orí òkè náà. Mo gbọ́ tó ń pariwo mọ́ wọn, mo gbọ́ tó ń bẹ̀ wọ́n. Ó bi Bùkọ́lá ìgbà tí Dádì gún abẹ́rẹ́ kẹ́yìn, ó sì sọ ọ́ fún wọn. Bùkọ́lá ń ṣírò ìka rẹ̀: wọ́n jẹun ọ̀sán ní aago kan, ó yẹ kí wọ́n tún jẹun ní mẹ́rin, ó ti di mẹ́wàá alẹ́ níbẹ̀. Ó ṣírò tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo bọ́ síta lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi, mo ní kí Ọlọ́run gba ohunkóhun tó bá fẹ́ lọ́wọ́ mi. Aládùúgbò kan ń gbá ewé níwájú ilé rẹ̀. Ó juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ padà.

Ilẹ̀ ti ń ṣú ní Lawrenceville kí wọ́n tó pè padà. Miss Ida gbọ́ ọ tán, ó kọ́kọ́ di ọwọ́ Bùkọ́lá mú. "Wọ́n wà láàyè," ó ní. "Ilé ìwòsàn ni wọ́n wà. Àwọn méjèèjì."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀, Mọ́mì ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń tín-ín-rín, Mọ́mì sì ń sọ pé, "Dádì Bùkọ́, wọ́n ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú." Dádì ní, "Fọlákẹ́ ló fi ránṣẹ́. Fọlákẹ́ kì í ṣìnà." Gbólóhùn yẹn, mi ò tíì rí oògùn rẹ̀ títí dòní. Kùrukùru bò wọ́n. Fóònù kú. Òógùn bo Dádì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìyá rẹ̀ pe ìyàwó rẹ̀. Ọkọ̀ ha ara mọ́ ògiri òkúta, ó dúró. Mọ́mì tú ìró ara rẹ̀, ó fi bo ọkọ rẹ̀, ó rìn nínú òjò lọ síbi tó ti rí iná kan lókèèrè. Ewé tútù yọ̀ ọ́ ṣubú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún balẹ̀, ó gbọ́ tí egungun dún. Ó dìde, ó ń lọ.

Ibi tó rí iná náà, ahéré òkúta ni, tí bàbá kan ti ń fi èéfín gbẹ èso igi kan tó jọ àsálà. Mọ́mì kò gbọ́ Ítálì, bàbá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mọ́mì nawọ́ sí ọ̀nà, ó ń kígbe pé, "Ṣúgà! Ṣúgà!" Bàbá náà wò ó, ó gbé ìgò oyin, ó sáré. Ìyàwó tirẹ̀ ní àìsàn yẹn kó tó kú. Ó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Dádì gbádùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ Mọ́mì ni kò gbádùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n àwọn ìka ọ̀tún yẹn kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù Tucker.

Nígbà tí wọ́n dé, mo lọ sí ilé wọn. Bùkọ́lá ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ó wá ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé." Mo gbé èso tí mo mú lọ́wọ́ sí ẹnu ọ̀nà, mo padà. Mọ́mì pè mí nígbà tó ṣe, ó ní òun ti dárí jì mí, a sì ń rí ara wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni Bùkọ́lá fi ń kí mi, tí kò bá mi sọ̀rọ̀.

Mo sọ fún Miss Ida pé mo máa pa ọ́fíìsì tì. Ó ní, "Kí ojú má bàa tì ọ́ mọ́ ni. Tó o bá pa á tì, ṣé ìyẹn máa wo ọwọ́ obìnrin yẹn sàn? Àwọn tí o ti fi orúkọ ìlú ránṣẹ́ sí, tí wọn ò tíì gbéra ńkọ́?"

Mi ò tilẹ̀ rò ó débẹ̀. Mo padà lọ tú gbogbo rẹ̀ wò, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo rí àṣìṣe méjì mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà yẹn ní ọmọ ọwọ́, wọn ò ní pẹ́ gbéra. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí mo fi ránṣẹ́ tí mi ò kọ́kọ́ kà sókè fún ẹnì kan, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ọkọ mi gbọ́ orúkọ ìlú Ítálì títí ó fi ń pè wọ́n lójú oorun. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré; ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo fi kọ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

Miss Ida kú. Àwọn oníbàárà ń dínkù. Fóònù ti ń ṣètò gbogbo rẹ̀ báyìí: o bi í, ó dá ọ lóhùn, ọjọ́ mẹ́wàá ní Ítálì láàárín ìṣẹ́jú kan. Mi ò ní bú u. Ó mọ ọ̀nà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù. Ọmọbìnrin tó nawọ́ sókè, ìdáhùn mi fún ọ nìyẹn, àkókò kò jẹ́ kí n rí i sọ lọ́jọ́ yẹn. Tó o bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí èyíkéyìí tí ẹ̀mí èèyàn wà nídìí rẹ̀, jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe èyí tó lè ṣe. Ìwọ gba ẹ̀rù náà rù.

Lọ́dún tó kọjá, Bùkọ́lá wọ ọ́fíìsì mi. Mo dìde, mi ò mọ̀ bóyá kí n jókòó. Dádì ti kú nígbà náà, nínú oorun, lórí ibùsùn rẹ̀. Bùkọ́lá fi fóònù rẹ̀ síwájú mi.

"Mọ́mì ní kí òun tó kú, òun fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá yẹn. Mo ní kí fóònù ṣètò ẹ̀. Ó ti ṣe é." Ó tì í sún mọ́ mi. "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó."

"Èmi?"

"Mi ò tíì gbàgbé o, mà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹlòmíràn tí kò ní sùn títí a máa fi dé."

Mo kà á. Ó dára, ó dára gan-an. Lẹ́tà méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo orúkọ. Ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì tó mú fún wọn, àárín ìlú ló wà, àtẹ̀gùn àádọ́rùn-ún ló sì wà láti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Mọ́mì ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọwọ́ kan ló sì lè fi di irin àtẹ̀gùn mú. Ó tún ní kí wọ́n gun òkè náà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Mo wá ilé kan fún wọn ní ìsàlẹ̀, tí ọkọ̀ ń dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gun òkè láàárọ̀. Mo pe ìlú náà láti béèrè bóyá bàbá ṣì wà. Ó wà. Bùkọ́lá jókòó tì mí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. A kà á sókè pọ̀, èmi kan, òun kan.

Ọjọ́ Sunday ni wọ́n lọ bá bàbá náà. Mo wà nínú ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kí ìsìn àárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, mi ò lè wọlé. Fóònù dún. Ohùn Mọ́mì ló wà nínú rẹ̀.

"Fọlákẹ́, a ti rí i o. Bàbá ti darúgbó gan-an. Ó ní kí n fi ọwọ́ yẹn han òun. Mo fi hàn án. Ó ti dì í mú, kò fi í sílẹ̀, ọbẹ̀ tí wọ́n gbé síwájú wa ti tutù."

Mo gbọ́ tí Bùkọ́lá ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: "Mọ́mì, ẹ sọ fún Àǹtí pé ibi tí wọ́n ní ká gbé ọkọ̀ sí, ibẹ̀ náà la gbé e sí."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì: ti ọkọ̀, àti pé ọmọ náà ti tún gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ Monday, mo pe ẹni tó ni pílásà tí ọ́fíìsì mi wà, mo ní kó wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, iṣẹ́ mi ti parí.